Áyọ́ọ̀nù Òjé, Áyọ́ọ̀nù Aṣọ

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Wọ́n ti dájọ́. Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀, ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìdánwò ẹgbẹ́ àwa tí à ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ọ̀gá Kọ́láwọlé pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní, "Hàmdálátù, mo ti kọ orúkọ ẹ sílẹ̀ o. Má dójú tì mí."

Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà lábẹ́ wọn. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo wà nílé ọkọ, síbẹ̀ èmi ni mo ṣì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Bí mo bá yege, mo gbàwé ẹ̀rí, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Bí mi ò bá yege, ó di àmọ́dún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é.

Òfin kan wà tí kò ní àforíjì: kálukú gbé áyọ́ọ̀nù tiẹ̀ wá. Áyọ́ọ̀nù òjé ni mò ń wí, èyí tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sójú bọ́ọ̀dù, tí a fi ń jó wáyà mọ́ra. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn yá ti ẹlòmíì. Wọ́n ní ẹni tí kò ní áyọ́ọ̀nù kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi rèé — ti Ọ̀gá ni mò ń lò láti ọjọ́ tí mo ti dé. Baba là ń pè é. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹnu ẹ̀ nípọn bí àtàǹpàkò, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Kì í sì í ṣe tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2

Mo sọ fún Alájàpá. (Ṣẹ̀rífù, ọkọ mi. Obì ló ń kó lọ Kano, oṣù kan kì í kọjá kó má rìnrìn àjò ọ̀hún. Lójú ẹ̀, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé. Nínú ìwé yìí, "ó" ni.)

Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ. Ó ní kí lòun máa rà bọ̀ fún mi. Mo ní áyọ́ọ̀nù. Mo ní kó jẹ́ èyí tó dáa, tó ṣe é yí ooru ẹ̀ sókè sódò, kó má wúwo, kí ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó, kí wáyà ẹ̀ gùn. Ó ń tẹ fóònù. Ó ní, "Áyọ́ọ̀nù. Mo ti gbọ́." Ó fọwọ́ kan orí mi bó ṣe ń jáde. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ọjà Kano rọjú ju tibí lọ, wọ́n á sì máa ní èyí tó dáa níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ó ti lọ. Tírélà ò gbéra àfi lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Ilé obì Màámi, ní Makun. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ bá wọn ṣa obì, ká yọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀, ká fi ewé tuntun tẹ́ agbọ̀n. Àwọn nìkan ló kù síbẹ̀ báyìí. Àbúrò mi méjèèjì ti lọ, ọ̀kan ní Àbújá, ọ̀kan lókè òkun. Wọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ fi ilé yìí lé lọ́wọ́?" Mo ní ẹ má bínú, Màámi. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ó ti sú mi láti máa tọrọ àforíjì pé mo níṣẹ́ tó wù mí.

Wọ́n wo ikùn mi. Wọ́n rò pé mi ò rí wọn. Ọdún méjì rèé tí oyún oṣù márùn-ún bọ́ lára mi, wọn ò yéé wò ó. Èéfín òjé ni, wọ́n ní. Dókítà ní òun ò mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n Màámi mọ̀.

Mo ròyìn fún wọn pé Alájàpá ń ra áyọ́ọ̀nù ìdánwò bọ̀ fún mi láti Kano. Mo ṣàlàyé fún wọn títí, bí ẹni ń ròyìn ọkọ ìyàwó. Wọ́n ní, "Ó káre." Wọn ò gbójú kúrò lórí obì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Mo bi Ọ̀gá léèrè ohun téèyàn fi ń mọ áyọ́ọ̀nù tó dáa. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. Ìwàásù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Má wo páálí. Páálí ò kọ́ṣẹ́. Wo ẹnu ẹ̀ — ṣé ó ṣe é tú, ṣé wàá rí òmíì rà bó bá jẹ tán? Di ìdí ẹ̀ mú bí ìgbà tó o fẹ́ kọ̀wé. Bí ọwọ́ ẹ bá jìnnà sí ẹnu ẹ̀, á máa gbọ̀n. Wáyà tó bá le gan-an á máa fà ọ́ sẹ́yìn. Wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sára ẹ̀, irọ́ ni títí mítà tí a fi ń wọn iná yóò fi sọ̀rọ̀. Èyí tó gbóná jù kò sàn ju èyí tí kò gbóná lọ: ọ̀kan á ṣí ojú bọ́ọ̀dù dànù, ìkejì ò ní yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Àti pé — ọ̀gá mi yìí! — má ra èyí tí wọ́n ń polówó lórí fóònù, torí ẹni tó ń pariwo pé òun gbóná, ó ti tutù.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Ọ̀gá ti ń gbàgbé nǹkan.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ìpè méjì láti ọ̀dọ̀ Alájàpá, mi ò gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké sí mi létí. Mo pè é padà, kò wọlé. Bó bá jẹ́ nǹkan pàtàkì, á tún pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó dé lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ó jẹun. Ó ní kí n di ojú. Mo dijú bí ọmọdé! Ó gbé páálí lé mi lẹ́sẹ̀. Páálí tóbi. Mo ní bóyá odidi áyọ́ọ̀nù òjé tó ní àpótí ló rà, èyí tí àwọn ará Ìkẹjà ń lò. Mo ṣí i.

Áyọ́ọ̀nù aṣọ.

Aláwọ̀ ewé. Ó ní ibi tí wọ́n ń rọ omi sí. Ó ń yí bọ́tìnnì ẹ̀ hàn mí: "Wò ó, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò." Bẹ́ẹ̀ ni. Kò wúwo. Ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó. Wáyà ẹ̀ gùn. Gbogbo bí mo ṣe ní kó rí náà ló rí. Kò sí ohun tí mo sọ tí kò rà.

Mo ní, "Áyọ́ọ̀nù aṣọ kọ́ ni mo wí." Ó ní, "Ṣebí —" Mi ò dúró gbọ́ ṣebí. Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn.

Ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wọlé pẹ̀lú òórùn lẹ́ẹ̀dì lára aṣọ. Mo ti fi ìka mi tó jóná hàn án. Mo tún rédíò ìyá ẹ̀ ṣe, mo tún ìnfátà ilé yìí ṣe, òun ló ń fi iná ẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Kí ìyàwó ẹni wí pé áyọ́ọ̀nù, kí ohun tó sọ síni lọ́kàn jẹ́ kàfùtáánì ara ẹni! Ó dùn mí dé egungun. Bó bá gbàgbé ni, ǹ bá ní ìgbàgbé ò ní oògùn. Kò gbàgbé. Ó gbé ẹni tó rò pé mo jẹ́ wá fún mi nínú páálí.

Ọjọ́rú, 17

Mo lọ bá Màámi. Mo rojọ́ títí, mo sunkún. Wọ́n ní, "Ọkùnrin! Aṣọ ara wọn ni wọ́n ń rí." Wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, ẹja ńlá méjì nínú ẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán. Wọ́n fi ìpàkọ́ mi lé itan wọn, wọ́n ń tú irun mi. Ìyá ni wúrà lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó tún gbọ́ mi yé lórílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18

Ó fi áyọ́ọ̀nù ẹ̀ lọ kàfùtáánì fúnra ẹ̀. Ó jó apá kan. Mi ò rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni, mo rẹ́rìn-ín nílé ìdáná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Mo gbé mítà sínú báàgì, ó di ọjà Sábó. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Ní ti àkọ́kọ́, ọlọ́jà ní, "Áǹtí, tirun ni àbí taṣọ?" Mo ní tòjé. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ọkùnrin kan ń bọ̀ tó fẹ́ rà á.

Èyí tó wù mí wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí ooru nídìí, ẹnu márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú páálí kan, ìdí ẹ̀ sì wọ̀ mí lọ́wọ́ bíi pé wọ́n wọ̀n mí kí wọ́n tó ṣe é. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi, owó fọ́ọ̀mù ìdánwò ti gbé ìyókù lọ. Mo ti gbé áyọ́ọ̀nù aṣọ dání, mo ní kó jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Ó ní wọ́n ti ṣí páálí ẹ̀, wọ́n ti lò ó, ẹgbẹ̀rún méjì lòun máa gbà á. Mo dá a padà sí báàgì. Ìtìjú ò jẹ́ kí n tún fi lọ ẹlòmíì.

Àwọn olówó pọ́ọ́kú wà lójú ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi mítà kan ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọgọ́ta wọ́ọ̀tì sára ọ̀kan. Mítà ní kò tó ọgbọ̀n. Òmíràn kò dáhùn rárá, òkú ni wọ́n gbé tà. Ọlọ́jà ní, "Áǹtí, ẹ̀ ń yẹ̀ wọ́n wò bíi nọ́ọ̀sì." Mo ní bó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ fi ṣe ìdánwò, ìwọ náà á yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo ra ọ̀kan tí mítà ní ó tó márùndínláàádọ́ta. Ó sún mọ́ òtítọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ẹnu ẹ̀ ń dán gbinrin. Ìdí ẹ̀ gùn jù, wáyà ẹ̀ le. Olówó ló ń yan ọjà. Èmi, ọjà ló yàn mí.

Ọjọ́rú, 24

Mo ti bà á jẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́.

Ẹnu ẹ̀ dúdú lọ́jọ́ kejì, lẹ́ẹ̀dì ò fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, ó ń yí bọ́ bí omi lórí ewé kókò. Bí ẹnu Baba, áyọ́ọ̀nù Ọ̀gá, bá dúdú, fáìlì ni oògùn ẹ̀. Ọ̀gá ló kọ́ mi lọ́jọ́ kẹta tí mo dé: fi fáìlì rẹ́ ẹ títí bàbà pupa yóò fi yọ, tún fi kan lẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ó kọ́kọ́ dára. Mo ń kọrin. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán òní, ihò ti wà lẹ́nu ẹ̀, tí ọmọ eèrà lè wọ̀ ọ́ sùn.

Ó wá jẹ́ pé awọ tó ń dán yẹn ni ẹ̀mí ẹ̀. Tinínrín ni wọ́n fi bò ó. Fóòmù tútù ni wọ́n fi ń nù ún, wọn kì í fi fáìlì dé ìtòsí ẹ̀. Níbo ni mo ti rí i? Wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Páálí ò kọ́ṣẹ́, àbí?

Mo fi han Ọ̀gá. Wọ́n wò ó sókè sódò. Wọ́n ní, "Áyọ́ọ̀nù ìsinsìnyí." Wọn ò sọ pé ẹ̀kọ́ àwọn ni. Èmi náà ò sọ. Wọ́n kọ́ mi ní gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, ohun tí wọ́n mọ̀ ló ti gbó. Mo bínú sí wọn, mo sì ń káàánú wọn, ìkejì ló burú jù.

Ọjọ́ Jímọ̀, 26

Mo gun ọ̀kadà dé Ìlárá, mo dé Ìsarà, mo ń wá ẹnu áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Gbogbo èyí tí wọ́n ní ló nípọn ju ihò ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n lo okùn di í. Eruku wọ̀ mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù.

Nílé: "Ẹ káàbọ̀." "Ẹ jẹun." "Ó dàárọ̀." Gbólóhùn mẹ́ta lójúmọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lánàá ó ní, "Hàmdá, jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí." Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 28

Ilé obì. Láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí kò sọ́jọ́ tí mi ò dé ibẹ̀, bó ṣe wákàtí kan péré. A ṣa agbọ̀n mẹ́rin lónìí. Màámi ní kí n fi ti ọdún yìí sílẹ̀, wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run bá dí mọ́ èèyàn, kéèyàn má fi orí gbá a. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́, kí n wá máa bá àwọn kó obì ná títí di àmọ́dún. Wọ́n ní Alájàpá ò mọ iyì mi, bó bá mọ̀ ọ́n, kò ní rán mi nírú iṣẹ́ ẹrú bẹ́ẹ̀, kí n máa lọ aṣọ fún un.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ojú lè tì mí: mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi òmìnira. Alájàpá ti jáde láti ìdájí, kò sọ ibi tó ń lọ. Mi ò bi í.

Ọjọ́bọ̀, 2

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́rin, kò débẹ̀ rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà bí ẹni tó wọ mọ́ṣáláṣí onímọ́ṣáláṣí. Ọ̀gá dìde fún un. Ó na ọ̀rá kan sí mi.

Èyí tó ní bọ́tìnnì nídìí ni. Ẹnu márùn-ún. Ìbàdàn ló lọ lánàá tó ti rà á.

Mo bi í bó ṣe mọ irú èyí tí mo fẹ́. Kò rò ó kó tó fèsì: "Ṣebí òun ni mo kọ́kọ́ mú lọ́wọ́ ní Kano." Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu dé. Mo rí i tó pa á dé.

Mo ní, "Ta ló wá ní kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀?"

Ó wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ní àwọn ń lọ mu omi. Ó wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bíi pé òun ló jẹ̀bi. Ẹni tó ń tajà bi í bóyá tòjé ni àbí taṣọ. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbé e. Ó wá pe Màámi. Wọ́n ní taṣọ ni. Ó ní, "Mo ní Màámi, ṣé ó dá yín lójú, torí iṣẹ́ ẹ̀ mà ni. Wọ́n ní àwọn ló bí ọ, àwọn mọ ohun tó o fẹ́."

Mo ní kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi. Ó ní, "O ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, mo ní kí n wá sọ fún ọ pé ìyá ẹ ló purọ́? Mo ní bóyá wọ́n ṣì mí gbọ́ ni."

Wọn ò ṣì í gbọ́. Mo padà sẹ́yìn ìwé yìí báyìí, mo wò ó. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje. Mo ṣàlàyé fún wọn títí. Ó káre, wọ́n ní. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló pè wọ́n.

Ọkùnrin yìí fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ oúnjẹ tútù lọ́wọ́ mi, ó sì gbé ọ̀rọ̀ yìí mì kí n má bàa bá ìyá mi jà. Mo kúnlẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ǹtì, láàárín àwọn òkú rédíò. Ó ní kí n dìde, àwọn èèyàn ń wò.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Èmi ni mo ń ṣa á látọjọ́ yìí.

Ọjọ́ Jímọ̀, 3

Mo dé Makun kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán. Mo jókòó láàárín agbọ̀n, mo dúró.

Ó wọlé. Mo kọ "ó." Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Ní gbogbo ayé mi mi ò pe ìyá mi ní "ó" rí, lẹ́nu tàbí nínú ìwé. Lónìí, ó.

Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó ra áyọ́ọ̀nù aṣọ?" Mo rò pé á sẹ́ ẹ. Mo ti ń gbàdúrà lọ́nà pé kó sẹ́ ẹ. Kò sẹ́ ẹ. Ó tú gèlè, ó jókòó, ó ní, "Èmi ni."

Bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára, Rẹ́mọ pọ́ńbélé ló máa ń sọ. "Kí wo rò?" ni ó ń wí, kí lo rò. "Kí wo rò?" Ó ní ta ló fọ aṣọ ọjọ́ tí oyún yẹn bọ́? Ó ní ọwọ́ òun yìí ló gbé ọmọ yẹn, ó ti ní èékánná. Ó ní òun ti rí ẹnu áyọ́ọ̀nù yẹn tó ń rú èéfín sí mi nímú, lójoojúmọ́, tí mò ń fi ìka kan náà mú iyán. Ó ní kí iṣẹ́ kú dípò kí èmi máa sin ọmọ. Ó ní bó bá tún di ọ̀la, òun á tún un ṣe.

Èyí, mo lè gbọ́. Mo sọ ọ́ fún un pé mo lè gbọ́ ọ. Ìyá ló bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ìkọ́kọrẹ́ yẹn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bú ọkọ mi lórí itan yín. Ẹ̀ ń tú irun mi. Ẹ̀ ń bá mi bú u. Kí ni ìyẹn wà fún?"

Ó ń fi àtàǹpàkò bó obì kan tí kò yẹ ní bíbó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ojoojúmọ́ lò ń wá."

Bẹ́ẹ̀ péré. Ojoojúmọ́ lò ń wá.

Mo dìde, mo jáde. Mi ò kí i pé ó dàbọ̀. Mo sunkún dé títì, ẹnì kan rò pé wọ́n gbá mi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Mo yege.

Ọkùnrin mẹ́wàá àtèmi. Ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò bi mí lẹ́nu ọ̀nà bóyá èmi ni mo gbé oúnjẹ wá. Mo ní áyọ́ọ̀nù ni mo gbé wá, sà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bi mí ẹni tó ni ín, mo ní èmi ni. Wọ́n fún mi ní rédíò kan tó ti dákẹ́, ẹsẹ̀ wáyà mẹ́jọ lára bọ́ọ̀dù ẹ̀ ni kí n tú kí n sì jó padà, kí ojú bọ́ọ̀dù má ṣí. Mo yí ooru sódò fún ẹsẹ̀ kéékèèké, mo yí i sókè fún ìdí gbohùngbohùn. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Wọ́n fi ẹ̀mú fa wáyà mi, kò já. Wọ́n tún un fà. Kò já. Nígbà tí rédíò yẹn sọ̀rọ̀, ìròyìn ni wọ́n ń kà, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà. Èmi ni mo ṣe ipò kẹta. Ọ̀gá Kọ́láwọlé ń fi gèlè ìyàwó wọn nu ojú. Alájàpá dúró lẹ́yìn ògiri ní gbogbo àkókò yẹn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé, kò sì lọ.

Ó yẹ kí n máa jó. Inú mi korò bí ewúro.

Ohun tí mi ò tíì kọ síbí rèé. Nǹkan oṣù mi ti fi ọjọ́ mẹ́tàlá pẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdààmú ọkàn ló fà á. Láàárọ̀ yìí mo ra ohun ìdánwò oyún ní ilé oògùn kan ní Ìkẹ́nnẹ́, mo lò ó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ìlà méjì: oyún wà. Mo fi ìwé wé e, mo jù ú nù, mo fọwọ́, mo lọ jó òjé.

Alájàpá ò mọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un, àmọ́ ìyá ẹni lèèyàn ń kọ́kọ́ sọ irú èyí fún, kó tó kan ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe nígbà àkọ́kọ́. Mo ti tẹ nọ́ńbà Màámi lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ yìí, mo ń pa á kó tó dún.

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn ni Alihamdulilahi. Ohun tí wọ́n máa sọ ni kí n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo ti ka á lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Ibì kan ní èéfín kọ́, pé ọwọ́ téèyàn ò fọ̀ ni. Ibòmíì ní kí aboyún má sún mọ́ òjé rárá. Ìwé ẹ̀rí mi wà lórí ibùsùn, orúkọ mi ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé. Wọ́n purọ́ fún ọkọ mi. Wọ́n fi ẹja tàn mí jẹ. Mi ò tíì dárí jì wọ́n, mi ò sì mọ ìgbà tí n óò dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ òjé, kí n fi Kùránì búra pé irọ́ ni wọ́n pa, mi ò lè búra.